Orí Kẹfà: Omi Ìdọ́gba

Ẹ̀wù ìmọ́lẹ̀ tí Fadérera fi ń wo ọkàn àwọn èèyàn kò tíì tutù lẹ́yìn ẹni tó bọ́ ọ sílẹ̀ tí ẹni tó kàn fi wọlé. Fadérera kò gbójú sókè. Ó na ẹ̀wù náà sí i, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ yín, kí ẹ wọ eléyìí, kí ẹ sì jókòó. Ẹ má sọ̀rọ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi dún."

"Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é," ni ẹni náà dáhùn.

Ohùn yẹn ló jẹ́ kó gbójú sókè. Akínsọlá, bàbá rẹ̀, ló dúró níwájú rẹ̀, tòun ti aṣọ iṣẹ́ àwọn tó ń tún okùn tó ń fa ọkọ̀ gòkè ṣe, gíríìsì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, iná kékeré tó wà láyà rẹ̀ sì ń tàn ní àwọ̀ ewé.

"Bàbá, kì í ṣe yàrá mi ló yẹ kí ẹ wá. Òfin ò gbà kí n wo ọkàn yín."

"Ọmọkùnrin tó ń wo ọkàn ní yàrá kejì ti sùn lọ sórí tábìlì. Wọ́n jí i, kò jí. Wọ́n wá ní kí kálukú wa yà sí ibi tí àyè bá wà." Ó ti ń bọ́ bọ́tìnnì. "Òfin ò fẹ́ kí o wo ọkàn mi, òfin náà ò sì fẹ́ kí n pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Èwo ni kí n ṣe?"

Fadérera wo ọ̀nà. Àwọn àgbàlagbà tó jókòó síta kún bẹ́ǹṣì dé ibi àtẹ̀gùn, gbogbo wọn nínú aṣọ iṣẹ́, gbogbo wọn sì ń tòògbé. Ó ti ilẹ̀kùn.

Akínsọlá ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò pè é ní ọmọ ọgọ́ta. Bí gbogbo ará Orí-Àpáta ti rí nìyẹn. Látìgbà tí ooru àti omi ti lé àwọn èèyàn kúrò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, tí ọmọ wẹ́wẹ́ sì wọ́n nílé, kò sẹ́ni tó ń fẹ̀yìn tì mọ́ lórí òkè. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń jó rẹ̀yìn, wọ́n á gbin irúgbìn sẹ́ẹ̀lì tuntun sí i, yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gba irúgbìn, iná àyà rẹ̀ yóò yí padà sí àwọ̀ ọsàn, ilẹ̀kùn ìlú kò sì ní ṣí fún un mọ́, àfi èyí tó lọ sí Ẹsẹ̀-Òkè nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé ìyá Fadérera lọ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn.

Ẹ̀rọ dún. Ọkàn Akínsọlá hàn lára ògiri, ó tóbi tó odó, ó ń sọ kì, kì, kì. Àwọ̀ aró ló bo gbogbo rẹ̀, àyàfi ibì kan nísàlẹ̀ tó rí bí ilẹ̀ pupa tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.

"Kí lèyí tó pọ́n yẹn?" ni bàbá náà béèrè.

"Ẹ̀yin gan-an nìyẹn, bàbá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bí mọ́ yín ni. Gbogbo èyí tó ní àwọ̀ aró, irúgbìn tí wọ́n gbìn sí yín lọ́jọ́sí ni."

"Mo rò pé wọ́n ti jẹ ẹ́ tán."

"Ó yẹ kí wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Mi ò mọ ohun tó jẹ́ kí eléyìí kù." Ó ń wo etí ibi pípọ́n náà, níbi tí ó ti pàdé àwọ̀ aró. Kò gún régé. Aró ń na ìka wọ inú ilẹ̀ lóríṣiríṣi ọ̀nà. "Ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ. Irúgbìn ìran kẹta ni ẹ máa gbà lónìí, ó sì lágbára ju ìran kejì tó wà lára yín lọ. Yóò jẹ aró, yóò jẹ ilẹ̀. Kó tó di oṣù mẹ́ta, ọkàn tuntun ni ẹ máa ní."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ẹ ó tún ṣiṣẹ́ ogún ọdún, ó kéré tán."

Bàbá rẹ̀ ń wo ògiri.

"Wọ́n bu ẹran kékeré nínú ọkàn mi nígbà tí mo wá kẹ́yìn," ni ó wí nígbà tó ṣe. "Ṣé ó ṣì wà níbí?"

Ó wà níbẹ̀, nítorí yàrá yìí ni wọ́n ń kó irú ẹran bẹ́ẹ̀ sí. Fadérera ṣí àpótí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ náà, ó mú abọ́ dígí méjì jáde, ó gbé èkínní sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó sì sún àga fún un. Akínsọlá fojú sí i. Ohun tó rí ni àwọn nǹkan kéékèèké tó fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó jọ tò sórí ẹní, tí gbogbo wọn sì ń mí sókè sódò lẹ́ẹ̀kan náà.

"Tèmi?"

"Tiyín nìkan ni. Kò sí irúgbìn níbẹ̀."

"Ara wọn le."

"Ara wọn le, bàbá. Wọ́n ti wà nínú abọ́ yẹn láti ọdún tó kọjá, wọn ò ṣàárẹ̀ rí."

Ó gbé abọ́ kejì síbẹ̀. Nínú èyí, ó ti da sẹ́ẹ̀lì bàbá rẹ̀ pọ̀ mọ́ irúgbìn. Akínsọlá tún fojú sí i, ó sì pẹ́ kí ó tó gbé e kúrò. Níbi tí àwọ̀ méjèèjì ti fara kanra, àwọn pípọ́n ń súnkì, wọ́n ń dínkù, àwọn tó ní àwọ̀ aró sì ń gbòòrò sí àyè wọn. Ó rí ọ̀kan tó wú, tó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Aládùúgbò rẹ̀ gbé ìyókù mì.

"Irúgbìn yìí ń ta májèlé sí wọn ni?"

"Rárá o."

"Àìsàn wá ń ṣe wọ́n nínú abọ́ kejì yìí?"

"Kò sí àìsàn. Ẹran kan náà ni pẹ̀lú ti abọ́ àkọ́kọ́. Tí ẹ bá yọ irúgbìn kúrò báyìí, wọ́n á máa bá ayé wọn lọ. Wọ́n máa ń fọwọ́ kan ara wọn ni, bàbá, wọ́n sì máa ń mọ̀. Èyí tó bá rí i pé àwọn tó yí òun ká yára ju òun lọ, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń pa ara rẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó lé e."

"Wọ́n ń tì í díẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló ń parí rẹ̀."

Akínsọlá gbé ojú kúrò lórí awò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú méjèèjì. Fadérera rí i bí ojú rẹ̀ ti wọnú tó. Awọ ojú náà jọ tọ̀dọ́, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń ṣẹ́jú jọ ti ẹni tó ti rìn jìnnà.

"Sọ fún ẹ̀rọ yẹn pé mi ò yẹ fún irúgbìn," ni ó wí.

Fadérera ti mọ̀ pé ohun tí ó bá wá nìyẹn. Bóyá àtìgbà tó ti wọlé ló ti mọ̀.

"Bàbá, ọkàn yín yẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá wo ògiri yìí yóò rí i pé ó yẹ. Tí mo bá sọ pé kò yẹ, tí ẹlòmíràn sì tún un wò, iná tèmi náà ni wọ́n máa pa."

"Ó dáa. Má purọ́ nítorí mi. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń tún un wò." Ó na ọwọ́ sí aṣọ rẹ̀. "Gbin ohun tí o fẹ́ gbìn, jẹ́ kí n máa lọ. Okùn ìwọ̀-oòrùn ti ń já fọ́nrán."

"Ṣé nítorí màmá ni?"

Ó jókòó padà. "Nítorí rẹ̀ ni, kì í sì í ṣe nítorí rẹ̀ nìkan. Ó ti rẹ̀ mí, Fadérera. Kì í ṣe irú èyí tí oorun ń wò. Apá mi ò dùn mí, ẹsẹ̀ mi ò dùn mí, mo ń gun òpó bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé orí òpó, mo máa ń wo ìsàlẹ̀, mo máa ń rí òrùlé àwọn ará Ẹsẹ̀-Òkè, mo sì máa ń ṣírò èyí tó lè jẹ́ ti ìyá rẹ. Ọjọ́ kan péré lọ́dún ni wọ́n ń fún mi láyè láti sọ̀kalẹ̀. Tí mo bá dé, ìyá rẹ ti ní ọ̀rọ̀ ọdún kan nínú, kì í mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. A ó kàn jókòó. Ilẹ̀ á sì ṣú."

"Èmi wà níbí, bàbá."

"O wà níbí. Ìgbà wo la jọ jẹun kẹ́yìn?"

Fadérera fẹ́ dáhùn. Ó wá a nínú orí rẹ̀. Ó rántí pé wọ́n jọ kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn, tí òun ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tí bàbá rẹ̀ ń lọ. Ó rántí pé bàbá rẹ̀ na àkàrà sí òun lọ́jọ́ kan láì dúró. Kò rántí abọ́ kan tí wọ́n jọ tọwọ́ bọ̀. Ó lọ dúró níbi àpótí tútù tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ó kẹ́yìn sí bàbá rẹ̀.

Inú àpótí yẹn ni omi ìdọ́gba wà, ìgò kéékèèké méjì. Àwọn ìkókó tí wọ́n bí pẹ̀lú ihò lọ́kàn ni wọ́n ṣe é fún. Bí wọ́n bá fún ìkókó ní irúgbìn láti dí ihò náà, wọ́n á fún un lómi yìí pẹ̀lú, kí irúgbìn má baà jẹ ju ibi tí a gbìn ín sí lọ. Ohun tó ń ṣe ò ju pé ó ń mú ọwọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì kú díẹ̀, tí wọn kò fi ní mọ ẹni tó yára láàárín wọn. Alágbára kò ní tì, aláìlera kò ní kú. Ẹ̀kọ́ tí gbogbo àwọn tó ń wo ọkàn kọ́ ni pé wọn kò gbọ́dọ̀ fún àgbàlagbà. Àgbàlagbà tó bá gbà á, gbogbo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló máa dúró, èyí tó ti gbó àti èyí tó ti bàjẹ́. Kò ní sí ẹni tó ń gbálẹ̀ mọ́.

Ó mú ìgò kan jáde, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún un bí ó ṣe jẹ́, kò bu adùn sí i.

"Tí mo bá fún yín ní irúgbìn, tí mo sì fún yín ní èyí, irúgbìn náà yóò wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní gbilẹ̀. Tí wọ́n bá tún ọkàn yín wò, òótọ́ ni ẹ̀rọ yóò rí, pé kò gbà. Iná yín yóò yí. Ẹ ó sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn tó ti ń gbó yìí náà lẹ ó máa lò, bàbá. Kò ní tún padà di tuntun mọ́. Ó lè jẹ́ ọdún márùn-ún. Ó lè má tó bẹ́ẹ̀."

"Ṣé èyí tó pọ́n yẹn kò ní kú?"

"Kò ní kú kí ẹ tó kú."

Akínsọlá mi orí. "Ìwọ ńkọ́? Kí ló máa ṣe ọ́?"

"Ẹ̀rọ kì í béèrè nípa omi. Kò ronú pé a lè fún àgbàlagbà."

"Mi ò bi ọ́ nípa ẹ̀rọ."

Fadérera dúró, ìgò náà ń tutù sí i lọ́wọ́. Ó ń rò ó pé bí òun bá dá ìgò yìí padà, bàbá òun yóò wà láàyè fún ogún ọdún lórí òpó okùn, òun yóò sì máa kí i lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìlérí gidi ni ogún ọdún. Ọwọ́ òun ni yóò gé e kúrú. Tí wọ́n bá wá kéde ikú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, òun ni yóò mọ ẹni tó mú un wá. Ó sì tún ń rò ó pé ìdí tí òun fi fẹ́ kó wà lókè, kì í ṣe nítorí rẹ̀. Ìbẹ̀rù pé òun nìkan ni yóò kù ni.

"Ó máa dùn mí," ni ó wí. "Ó máa dùn mí gan-an. Ẹ ká apá aṣọ yín sókè."

Nígbà tó gún un lábẹ́rẹ́ irúgbìn àti ti omi tán, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé awo ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà bi í bóyá ọkàn náà yẹ, ó ní ó yẹ. Ó bi í bóyá ó ti gbìn ín, ó ní òun ti gbìn ín. Kò bi í ní nǹkan mìíràn. Akínsọlá wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká ọmọ rẹ̀ fẹ́rẹ́, ó sì jáde lọ síbi okùn ìwọ̀-oòrùn. Obìnrin kan tó ń gbá ojú pópó ti wọlé kí ilẹ̀kùn tó pa dé.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nígbà tí àsìkò àtúnwò tó, yàrá Dókítà Ọlátóún ni wọ́n gbé àwòrán ọkàn Akínsọlá lọ. Ọ̀gá gbogbo àwọn tó ń wo ọkàn ni obìnrin yìí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún, irun rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Ó ránṣẹ́ pe Fadérera, ó sì ní kó jókòó, kó wo ògiri.

Ọkàn náà hàn. Ilẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀, aró wà lókè, irúgbìn tuntun tó funfun sì wà ní àárín, ó tò bí ẹyin adìẹ nínú ìtẹ́. Kò fi ibì kan kúrò níbi tí abẹ́rẹ́ gbé e sí. Etí tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ti pàdé èkejì gún gbọnrangandan.

"Ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́," ni Ọlátóún wí, "èmi ni mo máa ń wo ti àwọn ìkókó. Inú ọkàn ìkókó nìkan ni mo ti rí etí tó gún báyìí rí."

Fadérera ń wo etí funfun náà lára ògiri.

"Bàbá rẹ ni, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ìyá rẹ wà nísàlẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Obìnrin náà jókòó pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lórí itan. Iná àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé ó tan sí àgbọ̀n rẹ̀. Níta yàrá náà, wọ́n ń pe nọ́ńbà àwọn tó kàn.

"Ọkọ mi kú nísàlẹ̀," ni ó wí. "Mo ti gba irúgbìn ìran kẹta nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n fún mi láyè, wọ́n ti sin ín." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ nǹkan tí ó ti sọ fún ara rẹ̀ títí tí kò fi ní iyọ̀ mọ́. Ó wá yí ojú sí Fadérera. "Ṣé ó ṣẹ́kù nínú omi yẹn?"

Fadérera wò ó, ó sì mọ̀ pé ara rẹ̀ ló ń béèrè rẹ̀ fún.

"Ó ku ìgò kan, mà. Ṣùgbọ́n wọ́n bí ọmọ kan lánàá ní òpópó òkè. Ọkàn rẹ̀ lu. Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n máa gbé e wá."

Ọlátóún tún wo ògiri.

"Ọmọ náà ló ni ín," ni ó wí. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé awo ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹ̀rọ béèrè, ó ní, "Kò gbà. Ara rẹ̀ ti gbó." Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó nù ún lára aṣọ. "Lọ bá bàbá rẹ di ẹrù. Mo fún ọ ní ọjọ́ òní. Kí o padà wá kó tó di alẹ́, nítorí mi ò ní ẹni tí yóò jókòó sí yàrá rẹ."

Ẹrù Akínsọlá kò pọ̀. Àpò kan ni, pẹ̀lú spánà kékeré tó kọ̀ láti fi sílẹ̀. Iná àyà rẹ̀ ti di àwọ̀ ọsàn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ okùn, ilẹ̀kùn tó ń lọ sí ìlú pa dé lẹ́yìn rẹ̀, kò sì tún ní ṣí fún un mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé ọwọ́ sókè sí i láti orí òpó. Kò sẹ́ni tó lè sọ̀kalẹ̀.

Nínú ọkọ̀, ó gbé etí sára irin, ó ń gbọ́ bí okùn ṣe ń yí. Ìgbà méjì ni ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ti gun òkè, bẹ́ẹ̀ ó jókòó ni. Fadérera rí i, ó sì wo ibòmíràn.

Ooru gbá wọn lójú nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ẹsẹ̀-Òkè kò ní òkúta tí wọ́n dán bíi tòkè. Ilẹ̀ ni, àti páànù, àti àwọn arúgbó tí wọ́n jọ arúgbó, irun wọn funfun, wọ́n jókòó sí ìbòòji. Ìyá Fadérera wà láàárín wọn. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́ pé ọkọ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú ẹni tuntun, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ẹni náà fún un. Ó wo Akínsọlá, ó wo iná àyà rẹ̀.

"Kí lo ṣe fún ara rẹ?" ni ó béèrè.

"Mo dàgbà," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ó na ọwọ́ sí i. Akínsọlá dì í mú, àwọn méjèèjì sì rìn lọ sábẹ́ páànù, wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ obìnrin náà. Kí wọ́n tó jókòó, ó ti ń sọ fún un nípa ẹni tó jí ewúrẹ́ àti ẹni tó fẹ́ ìyàwó lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún. Kò kánjú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó padà sẹ́yìn, ó tún un sọ.

Wọ́n gbé ẹ̀kọ tútù àti ọbẹ̀ wá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ tọwọ́ bọ abọ́ kan. Fadérera jẹun tán, ó fẹ̀yìn ti òpó ilé, ó ní kí òun jókòó díẹ̀ kí òun tó máa lọ. Ohùn ìyá rẹ̀ ń lọ, ohùn bàbá rẹ̀ ń dá sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ pa dé.

Nígbà tí ìpè ọkọ̀ tó ń gòkè dún, ìyá rẹ̀ wo bàbá rẹ̀.

"Ṣé kí n jí i?"

Akínsọlá wo ọmọ rẹ̀. Orí rẹ̀ ti yẹ̀ sí èjìká, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ní ọbẹ̀. Iná àyà rẹ̀ ń tàn ní àwọ̀ ewé, ó mọ́lẹ̀ kedere nínú òjìji páànù.

"Jẹ́ kí ọkọ̀ lọ," ni ó wí.

Ìyá náà bọ́ ìborùn rẹ̀, ó nà án lé orí iná náà kó má baà tàn sí ọmọ náà lójú. Lókè, okùn bẹ̀rẹ̀ sí yí, ọkọ̀ náà sì gòkè lọ lófìfo.